Ta Ló Ní Kí Wọ́n Se Omi Mi?

Títí dòní, bí ẹnikẹ́ni bá sọ létí mi pé gbogbo kòkòrò àìfojúrí ló burú, inú á bí mi.

Oko ọsàn kan wà lọ́nà Irele tí bàbá mi gbìn kí wọ́n tó kú. Lọ́dọọdún, kí ọkọ̀ Èkó tó wá kó ọsàn yẹn, èbu á ti bò ó, á ti rà. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ń gbé Èkó ní ká gé àwọn igi náà, ká fi ilẹ̀ kọ́lé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yóò máa háyà. Ìyá mi ní bí tọdún yìí bá tún rà, kí ó gé e.

Èmi sì rèé ní yàrá ìwádìí yunifásítì l'Ákọ́lé, èbu ara èso ni mò ń bá jà. Kòkòrò kan ń bẹ nínú omi ògì tó máa ń pèsè purotéènì tó ń pa èbu. Mo sìn ín títí omi rẹ̀ fi kún kẹ́ẹ̀gì, mo gbé e wálé. Mo fọwọ́ ara mi ri ọsàn apẹ̀rẹ̀ kan bọ inú rẹ̀, mo so aṣọ pupa mọ́ apẹ̀rẹ̀ náà. Mo ní kí ìyá mi ri ìyókù bí wọ́n bá ká a tán, mo padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ẹ̀yìn mi ni ẹ̀gbọ́n mi dé. Ẹ má bínú, n ò ní fi "wọ́n" pè é lónìí. Ó gbọ́ pé kòkòrò wà nínú omi, ó ní ṣé a fẹ́ pa ará Èkó ni? Ṣebí àwọn nọ́ọ̀sì ní ká máa se omi? Ló bá da omi mi sínú ìkòkò ìyá mi, ó gbé e kaná, ó hó yaya. Nígbà tó tutù, òun ni wọ́n fi ri gbogbo ọsàn tó kù.

Nígbà tí mo dé, ọsàn ti rà lọ bẹẹrẹ. Ẹni tó fẹ́ fi ẹ̀rọ gégi ti dúró nídìí igi. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó, ó ń mu ọsàn, ó ń fi mí ṣẹ̀sín.

"Yunifásítì! Gbogbo ìwé tó o kà, omi ògì ló já sí!"

Orí mi gbóná. "Bọ̀dá, ẹ se é! Ṣé ẹyin tí èèyàn bá ti sè tún lè pamọ ni? Iná ti ba purotéènì inú rẹ̀ jẹ́!"

"Sísè ni, àìsè ni, omi ògì ni."

Ìyá mi ń wo ọsàn ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi. "Kèé lo ti mú ìyẹn?"

Ó fẹnu júwe apẹ̀rẹ̀ aláṣọ pupa. "Òun nìkan ni kò rà."

Kò tíì sọ ọ́ tán tí ìyá mi fi kọjú sí agégi. "Gbé ẹ̀rọ rẹ, máa lọ ulé."

Wọ́n wá yíjú sí ẹ̀gbọ́n mi. "Ìwọ, mu èyí tán, kí o lọ fọ ìkòkò mi."