Àmì Pupa Tí Mo Fi Sẹ́gbẹ̀ẹ́ Orúkọ Wọn

Ní oṣù mélòó kan ṣáájú ìdìbò gbogbogbòò àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ẹ̀rọ ka káàdì olùdìbò, nígbà tí gbogbo Àbújá ń sọ pé jíjí ìbò ti dópin, wọ́n jí ìbò kan níṣojú mi ní Dutse Alhaji. Kò sí ẹ̀rọ níbẹ̀, kò sí jàǹdùkú kankan. Àwọn bàbá tó wọ agbádá funfun ni wọ́n jí i lọ́sàn-án gangan, àdúrà ni wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń bójú tó iṣẹ́ àwọn ọ̀dọ́ nínú ẹgbẹ́ wa báyìí máa ń bi mí pé báwo ni ó ṣe wọ ìwé òfin ẹgbẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dán olùdìbò wò. Bó ṣe wọ ibẹ̀ nìyí. Mo ti kọ ẹ̀sùn nípa rẹ̀ nígbà náà, ojú ewé mẹ́ta gbáko. Ohun tí mò ń kọ lónìí kì í ṣe ẹ̀sùn. Ohun tí mo ṣì ń wádìí ló pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni mí, Garki ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa, àwa tí a wá láti ìwọ̀ oòrùn Kogí, ní gbọ̀ngàn kékeré kan ní Dutse Alhaji, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà Bwari, èmi ni mo sì yọ̀ǹda ara mi láti máa darí àwọn ọ̀dọ́ níbẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé. A gbá gọ́tà, a ṣe eré orí ìtàgé, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó jẹ wá lógún jù ni kíláàsì ìwé kíkà. Àwọn ọ̀dọ́ wa ló ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò: ọmọ Gwárì, ọmọ Hausa, ẹnikẹ́ni tó bá ti wọlé. Orí ilẹ̀ Gwárì ni a ń gbé, àlejò ni wá. Lójú tèmi, ìyẹn ni ohun tó kéré jù tí àlejò lè ṣe.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ kò rí i bẹ́ẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ kan, ó ń wo bàtà àwọn ọmọ náà.

"Fúnkẹ́, ọmọ ta ni gbogbo ìwọ̀nyí?"

"Ọmọ àdúgbò ni wọ́n, sà."

"Ṣé àdúgbò ló bá wa kọ́ gbọ̀ngàn?"

Ìbùkún ni olórí kíláàsì náà. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni. Àbújá ni wọ́n bí i sí, Hausa rẹ̀ sì já gaara. Kò sí ohun tí a sọ ní Yorùbá tí kò yé e, ṣùgbọ́n bó bá fẹ́ fèsì, ọ̀rọ̀ a máa há sí i lẹ́nu. Bí púpọ̀ nínú wọn ṣe rí nìyẹn. Ni mo bá dá àṣà kan sílẹ̀. Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní Sátidé kọ̀ọ̀kan, oníkálukú yóò dìde, yóò sọ orúkọ rẹ̀, agbo ilé bàbá rẹ̀ àti ìlà méjì nínú oríkì rẹ̀. Mo ní rẹ́jísítà kan. Ẹni tí kò bá lè sọ tirẹ̀ délẹ̀, mo máa ń fi bírò pupa fa òbíríkítí kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀, kí n lè mọ ẹni tí màá ràn lọ́wọ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Wọ́n sọ ọ́ di yẹ̀yẹ́. "Àǹtí, ẹ tún ti fún mi ní tòmátì," ni Dámọ́lá, ọmọ Alága ẹgbẹ́, máa ń wí. Inú kọ́bọ́ọ̀dù gbọ̀ngàn ni mo ń ti rẹ́jísítà náà mọ́. Ọwọ́ Akọ̀wé ni kọ́kọ́rọ́ kejì wà.

Nígbà tí àkókò tó láti yan olórí ẹ̀ka ọ̀dọ́, Ìbùkún jáde. Bọ̀dé ló bá a du ipò náà. Ìwé òfin sọ pé ọ̀dọ́ kò gbọ́dọ̀ ju ọmọ ọdún márùndínlógójì lọ. Bọ̀dé ti lé ní ogójì, ọmọ rẹ̀ àgbà sì wà ní girama. Mo sọ ọ́, wọ́n ní kí n má tọ pinpin ọjọ́ orí ẹlòmíì. Bọ̀dé ti sọ ní gbangba pé bí òun bá wọlé, ọmọ ẹgbẹ́ nìkan ni yóò máa wọ gbọ̀ngàn. Nítorí náà, kì í ṣe ipò lásán ni wọ́n ń dìbò lé lórí. Ilẹ̀kùn ni: yálà yóò máa ṣí fún àwọn ọmọ wọ̀nyẹn, tàbí yóò tì.

Lọ́sàn-án Sátidé tí a fẹ́ dìbò, lẹ́yìn àdúrà, Alága dìde.

"Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ni wá," ó ní. "Ẹni tí kò lè sọ ilé bàbá rẹ̀ àti oríkì rẹ̀, kò tíì di ọmọ ìlú. Irú wọn kò ní dìbò lónìí."

Mo nàwọ́. "Ojú ewé wo nìyẹn wà nínú ìwé òfin wa, sà?"

"Jókòó, Fúnkẹ́. Ìwọ gan-an lo bá wa kọ orúkọ wọn sílẹ̀."

Akọ̀wé fa ìwé kan yọ nínú báàgì rẹ̀. Mo dá a mọ̀ kí ó tó ṣí i, nítorí èmi ni mo fi bébà kàlẹ́ńdà bò ó. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ gbogbo ẹni tó ti gba àmì pupa rí. Rí ni mo wí. Mẹ́ta nínú wọn ti mọ oríkì tiwọn ní àmọ̀dunjú nígbà náà, wọ́n kà wọ́n mọ́ ọn. Nínú àwa mọ́kànlélógójì tí orúkọ wa wà nílẹ̀ fún ìbò yẹn, wọ́n yọ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ìbùkún ni ìkẹrin. Wọn kò yọ ọ́ kúrò lára àwọn olùdíje; wọ́n kàn yọ àwọn tí yóò dìbò fún un.

Nígbà tó ku ojú ewé tó kẹ́yìn, Alága gba ìwé náà, ó sì kà á fúnra rẹ̀. Ó ka orúkọ Dámọ́lá, ọmọ bíbí inú rẹ̀, bí ẹni ń ka orúkọ ọmọ ọlọ́mọ. Ohùn rẹ̀ kò yí padà rárá. Mo ń wo ojú rẹ̀, mo ń wá ohun tó fà á, n kò rí nǹkan kan níbẹ̀.

Ìbùkún dìde.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. Ẹ jẹ́ kí gbogbo wa sọ ọ́. Àwọn tó ń dìbò, àti... àti àwọn tó ń ka orúkọ."

Akọ̀wé rẹ́rìn-ín. "Ìwọ lo fẹ́ dán mi wò?"

"Rárá, sà. Mo kàn fẹ́ gbọ́ ni. Oríkì ìyá tó bí ìyá yín."

Kò fi ṣe ẹ̀gàn. Mo mọ ọmọ yẹn: ó fẹ́ gbọ́ lóòótọ́.

"Ti ìyá kọ́ là ń sọ níbí," Akọ̀wé wí.

Dámọ́lá sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn. "Àǹtí, ẹ fún wọn ní tòmátì."

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín, àfi àwọn tó jókòó síwájú. Alága lu tábìlì, ó ní kí ìdìbò bẹ̀rẹ̀. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ló dìbò. Bọ̀dé ní mẹ́sàn-án, Ìbùkún ní mẹ́fà.

Kí wọ́n tó kà á tán, aago mẹ́ta ti lù, àwọn ọmọ kíláàsì sì ti ń dé. Mo rò pé àwọn tí wọ́n yọ yóò pariwo. Ìbùkún kàn gbé ẹní, ó tẹ́ ẹ sẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn gan-an, ó sì ní kí àwọn ọmọ jókòó. Àwọn mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n yòókù dara pọ̀ mọ́ ọn, oníkálukú mú ọmọ kan, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé. Kò sí ọ̀nà míì tí àwọn àgbà lè gbà jáde. Alága ká agbádá rẹ̀ sókè, ó ń gbé ẹsẹ̀ sáàárín àwọn ọmọ bí ẹni ń wá ibi gbígbẹ nínú ẹrẹ̀. Ọmọbìnrin Gwárì kan gbójú sókè. "Sànnu, Bàbá," ó kí i ní Hausa, ó sì padà sídìí ìwé rẹ̀.

Mo kọ ẹ̀sùn mi: ọjọ́ orí Bọ̀dé, òfin tí kò sí nínú ìwé, kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n ṣí láìsọ fún mi, àmì àtijọ́ tí wọ́n lò fún ẹni tó ti mọ tirẹ̀, Akọ̀wé tí kò dáhùn ìbéèrè, ìbò tí wọ́n kà láìpe aṣojú Ìbùkún. Àṣìṣe mẹ́fà ni mo kà. Èsì ìlà kan ni wọ́n fún mi: "A ti rí ìwé yín gbà."

Ojú Alága kò kúrò lọ́kàn mi. Garki ni òun náà ti ń ṣiṣẹ́, nítorí náà mo lọ bá a ní ọ́fíìsì lọ́jọ́ kan, lásìkò oúnjẹ ọ̀sán.

"Mi ò bá ẹjọ́ wá, sà. Ìbéèrè kan ni. Ṣé ẹ ti rí orúkọ Dámọ́lá kí ẹ tó kà á?"

Ó ń to fáìlì tó ti wà létò tẹ́lẹ̀. "Ọjọ́ Ẹtì ni Akọ̀wé gbé ìwé náà wá sílé. Mo wá orúkọ ọmọ mi níbẹ̀ kí inú mi lè dùn. Àmì pupa mọ́kànlá, Fúnkẹ́. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń ṣe alága ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, ọmọ mi kò mọ agbo ilé wa."

"Ṣé ẹ ti sọ ọ́ fún un rí, sà?"

"Gẹ̀ẹ́sì là ń sọ nílé," ó ní.

Ìbínú ni mo gbé wọ ibẹ̀, òun náà ni mo gbé jáde, ṣùgbọ́n n kò tún mọ ẹni tí mo lè gbé e lé lórí mọ́. Ṣé torí ìtìjú bàbá kan ni ọmọ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n fi pàdánù ìbò wọn? Tàbí ó ti fẹ́ ṣe é tẹ́lẹ̀, tí àmì mọ́kànlá yẹn wá fún un ní ìgboyà? N kò tíì mọ̀.

Ní ìpàdé ọdọọdún tó tẹ̀ lé e, a fi òfin tí ẹ máa ń bi mí nípa rẹ̀ sínú ìwé. Alága kò ta kò ó. Ìyẹn ni a jèrè. Ìbò náà kò padà. Bọ̀dé ti ilẹ̀kùn bó ṣe wí, a kó kíláàsì lọ sí fàráǹdà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan, ìdajì àwọn ọmọ kò sì bá wa débẹ̀. Ìbùkún kọ́ àwọn tó kù títí ó fi lọ ṣe àgùnbánirọ̀. Kò díje mọ́.

Mo bá a dé gáréèjì Utako lọ́jọ́ tó ń lọ. Bí a ti ń dúró kí ọkọ̀ kún, ó bi mí ní Yorùbá, díẹ̀díẹ̀, láìṣì.

"Àǹtí, àwọn tó bá sọ tiwọn délẹ̀, kí lẹ máa ń fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ wọn?"

Mo rò ó. "Kò sí nǹkan kan," mo ní.

Ó mi orí, ó sì wọ ọkọ̀. Àṣìṣe keje nìyẹn, tèmi, tí kò sí nínú ẹ̀sùn mi. Mo ṣì jẹ ẹ́ ní èsì tó ju bẹ́ẹ̀ lọ.