Sátidé Tí Bàámi Wa Mọ́tò

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ bá mi jókòó díẹ̀. Ohun kan ṣẹlẹ̀ nílé wa ní Ayépé nígbà ọlidé tó kọjá, mi ò sì tíì lè sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Àwọn tí a jọ ń gbé yàrá ní yunifásítì ní Ìjagun ń bi mí pé, Bánkẹ́, kí ló dé tí o kàn ń wo ògiri? Ó dáa, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ síbí, bóyá àyà mi á fúyẹ́.

Mo ní láti kọ́kọ́ ṣàlàyé ilé wa fún yín. Júù ni wá. Ẹ má rẹ́rìn-ín! Mo mọ̀ pé ẹ ó bi mí pé Júù wo ló wà ní Ayépé. Ọmọ Ìjẹ̀bú pọ́ńbélé ni Bàámi, ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà ni wọ́n sì ti ṣe ìrìbọmi. Ṣùgbọ́n wọ́n ka Bíbélì Yorùbá wọn títí, wọ́n ní àwọn ò rí ibi tí Ọlọ́run ti sún Ọjọ́ Ìsinmi sí Sọ́ńdè. Wọ́n wá àwọn kan tó ń ṣe ẹ̀sìn Júù ní Nàìjíríà níbì kan, wọ́n kọ́ díẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, wọ́n padà wálé. Àwọn àti ìdílé mélòó kan bẹ̀rẹ̀ sí í pàdé nínú yàrá kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù tí Bàámi ti ń ta pákó. Kò sí olùkọ́, kò sí rábì. Bíbélì, ìwé àdúrà kan tó ti gbó, àti Bàámi. Gbogbo ẹ̀ náà nìyẹn.

Ìkọ́kọrẹ́ tí a ń sè nílé wa kì í ní edé, torí Òfin Mósè ò fẹ́ ká jẹ edé. Ìkọ́kọrẹ́ tí kò ní edé! Ṣé ẹ gbọ́ irú ẹ̀ rí nílẹ̀ Ìjẹ̀bú?

Sábáàtì wá ni olórí gbogbo rẹ̀. Tí oòrùn bá ti wọ̀ ní Fúráìdè, a ò ní dáná, a ò ní fọwọ́ kan fóònù, a ò ní wa mọ́tò, títí ìràwọ̀ á fi yọ ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Bàámi ní píkọ́ọ̀pù kan tí wọ́n fi ń kó pákó. Tó bá ti di ọjọ́ yẹn, àwọn adìyẹ ló máa ń sùn sórí ẹ̀.

Ohun tó mú kí n máa sọ gbogbo èyí ni Màámi.

Màámi ní asíímà. Nígbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, ó gbé wọn lójijì ní òwúrọ̀ Sátidé kan. Oògùn tí wọ́n máa ń fà sẹ́nu ti tán. Bàámi kúnlẹ̀ ti ibùsùn wọn, wọ́n di ọwọ́ wọn mú, wọ́n ń ka Sáàmù. Mo sunkún, mo bẹ̀bẹ̀ pé ká lọ sí ọsibítù. Màámi fúnra wọn ló ṣẹ́wọ́ sí mi. Wọ́n ní ká má ba Sábáàtì jẹ́ nítorí àwọn, pé tí ìràwọ̀ bá ti yọ, a ó lọ.

Ìràwọ̀ yọ. A gbé wọn sínú mọ́tò. A ò tíì dé Ìjẹ̀bú-Òde tí Màámi fi dákẹ́.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, ẹ̀gbọ́n Màámi tí a ń pè ní Bàbá Odògbolú dúró lójú gbogbo èèyàn, wọ́n na ìka sí Bàámi, wọ́n ní, “Ìwọ lo pa àbúrò mi.” Láti ọjọ́ náà, àwọn méjèèjì ò bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Bàámi ò jiyàn. Ohun tí wọ́n ń sọ fún mi kò ju pé Ọlọ́run ló ni Màámi, àwa sì pa òfin Rẹ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé Bàámi ró. Èmi náà dì í mú. Kí ni mo tún fẹ́ dì mú?

Ẹ wá jẹ́ ká dé orí àwọn àlejò.

Àbúrò Bàámi kan ló gbé fídíò orin wa sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Àwọn ọmọ Júù kan tó wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì lókè òkun rí i. Ó jẹ́ àṣà wọn pé tí wọ́n bá gba ọlidé, wọ́n á rìnrìn àjò lọ síbi tí àwọn ìjọ Júù kéékèèké wà láyé, wọ́n á bá wọn ṣiṣẹ́ láìgba kọ́bọ̀. Wọ́n kọ̀wé sí mi lórí fóònù pé àwọn fẹ́ wá sí Ayépé. Nígbà tí mo kà á fún Bàámi, ńṣe ni wọ́n jókòó. Wọ́n ní, “Àwọn yẹn mọ̀ pé a wà?”

Ẹ ò rí ayé? Gbogbo ọdún tí àwọn ará àdúgbò fi ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́, ohun tí Bàámi ń wá kò ju kí ẹnì kan mọ̀ pé a wà.

Wọ́n dé lóòótọ́! Hánà ni olórí wọn, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í dákẹ́. Wọ́n kun yàrá àdúrà wa, wọ́n dí ibi tó ń jò. Dáníẹ́lì tó kéré jù nínú wọn ló ń kọ́ àwọn ọmọdé ní álífábẹ́ẹ̀tì Hébérù. Orí ẹní ló máa ń dùbúlẹ̀ sí pẹ̀lú wọn. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ jẹ ìkọ́kọrẹ́, ó ní kí n gbé ìkòkò wá kí òun fi ìka nù ún. Bàámi fẹ́ràn ẹ̀ gan-an. Èmi ni mò ń ṣe ògbufọ̀, torí Òyìnbó díẹ̀ tí Bàámi gbọ́, èyí tí àwọn àlejò yìí ń sọ yára jù ú lọ.

Òtẹ́ẹ̀lì kan ní Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n ń sùn. Ṣùgbọ́n nígbà tó di Fúráìdè, wọ́n wá sùn lọ́dọ̀ wa kí àwọn má bàa wọ mọ́tò ní Sábáàtì. Dírẹ́bà gbé bọ́ọ̀sì wọn padà lọ.

Lọ́jọ́ kejì, a gbàdúrà tán, a ń jẹun lábẹ́ igi máńgòrò. Oyin kan ta Dáníẹ́lì lọ́rùn. Ó gbá a dànù, ó rẹ́rìn-ín. Kò pẹ́ kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ètè ẹ̀ wú, ojú ẹ̀ wú pọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ méjèèjì di ọ̀nà ọ̀fun mú. Ó wá ń mí pẹ̀lú ariwo, bí ìgbà tí wọ́n bá ń fẹ́ fèrè tó ti dí.

Mo mọ ariwo yẹn. Bí Màámi ṣe ń mí lọ́jọ́ tiwọn nìyẹn.

Hánà fò dìde, ó ń pariwo pé báàgì ẹ̀ dà, pé ara Dáníẹ́lì kò gba oyin, pé ó ní abẹ́rẹ́ kan tó máa ń gbé kiri. Báàgì ti bá bọ́ọ̀sì lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde! Ó wá rí píkọ́ọ̀pù, ó ní kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ ńkọ́?

Mo wo Bàámi. Wọ́n ti kúnlẹ̀ ti Dáníẹ́lì. Wọ́n ti di ọwọ́ ẹ̀ mú. Sáàmù ni wọ́n ń kà.

Mo ní, “Bàámi, ẹ jọ̀ọ́, kọ́kọ́rọ́.”

Wọ́n ní, “Sábáàtì ni. Sọ fún un pé Sábáàtì ni. A ó lọ tí ìràwọ̀ bá yọ.”  Oòrùn ṣì wà lágbedeméjì ọ̀run!

Mo sọ ọ́ fún Hánà. Ó kọ́kọ́ wò mí bí ẹni tí kò gbọ́. Ó wá yára sọ ọ́ fún mi pé Òfin fúnra ẹ̀ ló ní ká ba Sábáàtì jẹ́ tí ẹ̀mí bá wà nínú ewu. Kì í ṣe pé ó gbà wá láyè o, dandan ni! Ó ní ẹni tó bá dúró tó ń wo èèyàn títí tó fi kú, ó dà bíi pé òun ló ta ẹ̀jẹ̀ onítọ̀hún sílẹ̀. Ó ní kò sí ọmọ Júù tí wọn ò kọ́ ní èyí láti kékeré. Gbogbo èèyàn ló mọ̀ ọ́n.

Gbogbo èèyàn.

Ẹ̀yin ará! Ṣé ẹ rí ohun tó wà lẹ́nu mi? Tí mo bá túmọ̀ ẹ̀ fún Bàámi, kì í ṣe ti Dáníẹ́lì nìkan ni mò ń sọ. Mo lè gé e kúrú, kí n ní Hánà kàn ń bẹ̀ wọ́n ni. Ṣùgbọ́n mo ti bẹ̀ wọ́n rí, nígbà ti Màámi. Ẹ̀bẹ̀ kò gbé Bàámi dìde lọ́jọ́ náà. Òfin nìkan ló lè gbé wọn dìde.

Mo túmọ̀ ẹ̀. Gbogbo ẹ̀. Mi ò yọ nǹkan kan kúrò.

Bàámi dákẹ́ kíkà. Wọ́n ní, “Tún un sọ.”

Mo tún un sọ.

“Òfin?”

“Òfin ni, Bàámi.”

Wọn ò wo Dáníẹ́lì, wọn ò wo èmi. Fèrèsé yàrá Màámi ni wọ́n ń wò. Wọ́n wá dìde, wọ́n wọlé, wọ́n mú kọ́kọ́rọ́ jáde. A gbé Dáníẹ́lì sẹ́yìn píkọ́ọ̀pù. Mo na ọwọ́ pé kí n gbà á, wọ́n ti ọwọ́ mi dànù. Àwọn fúnra wọn ló wà á. Àwọn ará Ayépé jáde síta, wọ́n ń pe ara wọn wá wòran, wọ́n ní ẹ wá wo Bàbá Onísábáàtì lórí mọ́tò! Bàámi ò wo ẹnikẹ́ni.

Wọ́n gún Dáníẹ́lì lábẹ́rẹ́ ní ọsibítù, wọ́n gbé afẹ́fẹ́ sí i nímú. Dókítà ní ká dúpẹ́ pé a kò pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tó la ojú, Hánà dì mọ́ Bàámi, ó ń sunkún, ó ní wọ́n ti gba ẹ̀mí là. Bàámi ní ká jáde síta.

Níta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò, wọ́n ní kí n bi Hánà bí òfin yẹn ti pẹ́ tó. Ṣé tuntun ni àbí kí ni? Hánà rẹ́rìn-ín músẹ́. Kò mọ nǹkan kan nípa Màámi! Ó ní, “Ó ti pẹ́ gan-an, Bàbá. Ó ti wà kí wọ́n tó bí àwọn baba ńlá wa.”

Bàámi ní, “Ẹ ṣé.” Wọ́n wọ inú mọ́tò, wọ́n ti ilẹ̀kùn.

Láti ọjọ́ náà ni oúnjẹ ti ń padà láti ọ̀dọ̀ wọn bí mo ṣe gbé e lọ. Wọ́n á jókòó sí ṣọ́ọ̀bù láàárín pákó, wọn ò ní tà, wọn ò ní rà. Mo lọ bá wọn lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ní Bàámi, ẹ bá mi sọ̀rọ̀.

Wọ́n ní, “Bánkẹ́, mo rò pé Ọlọ́run ni mo fi ìyá rẹ fún. Kò béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ mi.”

Mo jókòó tì wọ́n lórí pákó. Ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ̀ bá sọ?

Ọjọ́ tí àwọn àlejò ń lọ, mo sọ ọ̀rọ̀ Màámi fún Hánà. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú eruku. Ó ní ká ní òun mọ̀ ni, òun ì bá fi pẹ̀lẹ́ sọ ọ́. Mo ní rárá o, tó bá fi pẹ̀lẹ́ sọ ọ́, òkú Dáníẹ́lì ni wọn ì bá gbé lọ sílé.

Ní Sábáàtì tó tẹ̀ lé e, Bàámi dìde níwájú ìjọ. Wọ́n sọ fún gbogbo èèyàn pé àwọn ti kọ́ wọn ní òdì, pé aláìsàn kì í dúró de ìràwọ̀. Wọ́n ní kí ẹlòmíràn máa ṣíwájú àdúrà. Wọ́n lọ jókòó sẹ́yìn, títí di òní ibẹ̀ náà ni wọ́n ń jókòó sí.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, wọ́n ní kí n tẹ̀ lé àwọn lọ sí Odògbolú. Bàbá Odògbolú ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, agbádá ṣì wà lọ́rùn wọn. Bàámi dọ̀bálẹ̀ gbalaja sí ẹnu ọ̀nà. Bàámi tó ti hewú!

Wọ́n ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ jàre. Òótọ́ lẹ sọ lọ́jọ́ náà.” Wọ́n sì ro gbogbo ẹ̀, ti oyin, ti ọmọ Òyìnbó, ti òfin.

Bàbá Odògbolú bọ́ agbádá wọn, wọ́n ká a lé apá. Mo rò pé wọ́n á lé wa.  Wọ́n ní, “Mi ò tíì lè dárí jì ọ́. Mi ò ní purọ́ fún ọ lójú ọmọ yìí. Ṣùgbọ́n dìde nílẹ̀. O ti rù jù. Ṣé o ò jẹun ni?”

Bàámi ò dìde.

Bàbá Odògbolú na ọwọ́, wọ́n fà wọ́n dìde, wọ́n ní kí ìyàwó àwọn bu oúnjẹ wá. Àwọn àgbàlagbà méjì jókòó síwájú abọ́ kan.  Bàámi jẹ ẹ́. Èmi ń sunkún lẹ́yìn ilẹ̀kùn bí ọmọ kékeré.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ nìyí: tí ẹ bá fẹ́ gbé ìgbé ayé yín lé òfin kan lórí, ẹ wá ẹni tó mọ̀ ọ́n délẹ̀ kí ẹ bi í. Ẹ má dá nìkan kà á. Ọ̀rọ̀ tí ìfẹ́ Ọlọ́run wà nínú ẹ̀ náà lè pa èèyàn tí a bá kà á dé ìdajì. Mo sì mọ̀ pé ohun tí mo túmọ̀ lọ́jọ́ náà gba ẹ̀mí kan là, ó sì ṣẹ́ Bàámi ní àárín. Tó bá tún ṣẹlẹ̀ lónìí, màá tún un sọ. Ṣùgbọ́n ó ń dùn mí.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ṣé ẹ ti sọ òótọ́ rí fún ẹni tí ẹ fẹ́ràn, tó sì jẹ́ pé òótọ́ náà ló fọ́ onítọ̀hún? Báwo lẹ ṣe ń jókòó tì í lẹ́yìn ìgbà náà? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ fún mi. Mò ń kà á lóòótọ́. Ó ṣì ku ọjọ́ díẹ̀ kí n tún wálé sí Ayépé, mi ò sì tíì mọ ohun tí màá bá Bàámi sọ.