Ọ̀rá Orí Ìjókòó Ọkọ̀ Tuntun

Àwọn ọmọdé ló sọ ọ́ ní Àǹtí Jókòó-Nílẹ̀, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára. Ìpolówó ọjà orí tẹlifíṣàn ni iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í fi ọ̀rọ̀ sí ọmọdé lẹ́nu. Á jókòó pẹlẹbẹ sílẹ̀ láàárín wọn, á ní kí wọ́n máa ṣeré, kámẹ́rà á sì máa ṣiṣẹ́ lọ. Ohun tí ọmọ bá fẹnu ara rẹ̀ sọ ló máa gbé jáde. Àwọn kan níbi iṣẹ́ ní ọ̀lẹ ni. Ẹ gbọ́ mi, kí wọ́n wá bá ọmọ ọdún márùn-ún ṣeré láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ ná!

Kò mọ bí wọ́n ṣe ń fi ojú ọba wo oníbàárà. Ọ̀gá rẹ̀ ti kìlọ̀ fún un pé bí oníbàárà kan bá tún fìbínú kúrò, kó palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́. Ìdí nìyẹn tí àyà rẹ̀ fi ń já nígbà tí iṣẹ́ ìpolówó ọkọ̀ kan dé, bọ́ọ̀sì kékeré tí bàbá, ìyá àti ọmọ rẹpẹtẹ lè jọ wọ̀.

Ó kó àwọn ọmọ àbúrò rẹ̀ mẹ́ta lọ sí ilé ìtajà ọkọ̀ náà. Ọkọ̀ ń dán gbinrin, ṣùgbọ́n ọ̀rá ṣì wà lórí gbogbo ìjókòó. Ọ̀gá tó ni ọkọ̀, ìyẹn oníbàárà náà, ò jẹ́ kí wọ́n ṣí i, kó má baà dọ̀tí. Àwọn ọmọ wọlé, ọ̀rá ń pariwo lábẹ́ ìdí wọn. Wọ́n gbọ́wọ́ lé itan bí ẹni tó ń dúró de dókítà.

Ọ̀gá ní, "Ẹ̀yin ọmọ, ẹ tẹ̀ lé mi: ọkọ̀ yìí kì í mu epo púpọ̀."

Wọ́n sọ ọ́ tán, àbíkẹ́yìn fajú ro. Inú bí Àǹtí. Ọmọ wo ló fi epo ọkọ̀ ṣeré rí? Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké: ó di ọ̀rá mú, ó fà á ya.

"Màdáámú! Ta ló ní kẹ́ ẹ ṣí i?"

"Èmi ni, sà."

"Mo máa pe ọ̀gá yín báyìí báyìí."

"Ẹ pè wọ́n, ẹ bá mi kí wọn." Ó fa ìkejì ya.

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ọkọ̀, kámẹ́rà ń ṣiṣẹ́ lọ. Kò pẹ́ tí àgbà nínú àwọn ọmọ fi pariwo pé omi ti ya wọ ìlú. Àbíkẹ́yìn bọ́ bàtà, ó ń fi tukọ̀. Wọ́n ń kó ẹbí wọlé kí omi má gbé wọn lọ: ìyá, bàbá, ìyá àgbà, títí kan ajá tí wọn ò ní. "Àyè ṣì wà! Ẹ máa bọ̀!"

Ọ̀gá ọlọ́kọ̀ sáré dé, fóònù létí, ó fẹ́ wọlé wá fa Àǹtí jáde. Àbíkẹ́yìn nawọ́ sí i.

"Bàbá, ẹ má tẹ ibẹ̀ yẹn o, omi jìn! Ẹ dì mí mú!"

Àgbàlagbà ọkùnrin náà ti gbé ẹsẹ̀ kan sókè. Ó wo ilẹ̀, ó wo ọwọ́ ọmọ, ó dì í mú.

"Ẹ pa gbogbo ìyẹn rẹ́," ló ń kígbe. "Ọ̀rọ̀ epo la fẹ́!"

Àǹtí fi àáké kọ́rí. "Ẹ lè ní kí wọ́n lé mi, sà. Àmọ́ bí kò bá sí omi níbẹ̀, ẹ gbé ẹsẹ̀ yín sílẹ̀."

Ọ̀gá ò gbé ẹsẹ̀ sílẹ̀. Ó sọ fún ọ̀gá Àǹtí nínú fóònù pé kí wọ́n má bínú, iṣẹ́ ń lọ dáadáa. Lẹ́yìn náà ló na ẹsẹ̀ gùn, ó fo omi náà kọjá, ó sì bá wọn wọ ọkọ̀.