Ọkọ̀ Ojú Irin Ìkirè sí Àpòmù

Ẹ ò ní gbà mí gbọ́. Mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, torí àwọn ọmọ tí mo fi inú ara mi bí náà ò gbà mí gbọ́: mo ti rí ọkọ̀ ojú irin tó gbéra ní Ìkirè, tó forí lé Àpòmù. Ẹni tó bá mọ ìlú wa ti ń rẹ́rìn-ín báyìí. Ó mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ò tẹ́ ojú irin gba ọ̀dọ̀ wa rí. Kó rẹ́rìn-ín kó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Èmi ni gáàdì ọkọ̀ náà. Àsíá aláwọ̀ ewé wà lọ́wọ́ mi, fèrè wà lẹ́nu mi, òórùn epo ẹ̀rọ ìránṣọ sì gba gbogbo imú mi. Bàbá àgbàlagbà kan kúnlẹ̀ síwájú mi, wọ́n fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lélẹ̀ lórí ilẹ̀kùn àtijọ́ kan, wọ́n di ojú kan, wọ́n ń fi èkejì wò ó bóyá irin méjèèjì tí a tẹ́ gún.

"Gáàdì," wọ́n ní láìgbójú sókè, "irin yìí wọ́ bí ẹsẹ̀ adìẹ tó ṣẹ́. Ta ló tẹ́ ẹ?"

Mo ní Bàbá fúnra wọn ni.

"Mo mọ̀. Mo kàn rò pé wàá ṣàánú àgbà, kó o ní ìwọ ni."

Ilé wọn ló kángun sí tiwa ní Ìkirè. Iṣẹ́ rélùwéè ni wọ́n ṣe títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Gáàdì ni wọ́n, ẹni tó máa ń wà lẹ́yìn ọkọ̀, tó jẹ́ pé bí kò bá ju àsíá, awakọ̀ ò gbọdọ̀ lọ. Gbogbo ọdún tí wọ́n fi ń lọ tí wọ́n ń bọ̀ lójú irin, Ìkirè ni ìyàwó wọn jókòó sí, tí wọ́n ń ránṣọ. Màmá ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n. Ọmọ Àpòmù ni Màmá, wọn ò sì wọ ọkọ̀ ojú irin rí láyé wọn. Ní gbogbo ìgbà tí Bàbá bá wálé, wọ́n á ṣèlérí pé bó bá di ìsinmi tó ń bọ̀, àwọn méjèèjì á jọ wọkọ̀, Màmá á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ìsinmi tó ń bọ̀ yẹn bọ̀, bọ̀, bọ̀, kò dé. Ọkọ̀ ló kọ́kọ́ dáṣẹ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún Màmá rọ. Ìgbà tí mò ń sọ yìí, orí ibùsùn ni wọ́n ń wà láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú, nínú pálọ̀, wọ́n kọjú sí ògiri tí kò sí ohunkóhun lára rẹ̀ ju kàlẹ́ńdà mọ́ṣáláṣí lọ.

Lọ́jọ́ kan, Bàbá lọ yọ ilẹ̀kùn ilé ìdáná wọn àtijọ́, wọ́n gbé e ka orí bẹ́ǹṣì méjì níwájú ibùsùn yẹn. Wọ́n sọ fún Màmá pé bí wọn ò bá lè lọ bá ọkọ̀ mọ́, ọkọ̀ á wá bá wọn.

Màmá fi ìlàjì ẹnu tó kù fún wọn dáhùn. "Ìgbà tí mo ṣì ní eyín lẹ́nu ni mo ti ń retí ọkọ̀ yẹn. Ẹ má jẹ́ kó tún pẹ́."

Ẹ má rò pé ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ rélùwéè á mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe kékeré rẹ̀ o. Bí mo ṣe jẹ́ òpè, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, bẹ́ẹ̀ ni Bàbá jẹ́ òpè pẹ̀lú ewú lórí. Sípókù kẹ̀kẹ́ la fi ṣe irin. Igi ìṣáná la tò sábẹ́ rẹ̀, ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, títí ọwọ́ mi fi ń rùn bí ìṣáná. Agolo sàdíìnì ni ọkọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló kọ́kọ́ dà wá láàmú, torí gbogbo ohun tó bá yí roboto tí a bá fi sí i, ó máa ń já bọ́ kúrò lórí irin. Màmá ló yanjú ẹ̀. Wọ́n ní kí n gbé agolo bọ́tìnnì àwọn wá, wọ́n fi ọwọ́ òsì ṣà á, wọ́n ní kí a lẹ bọ́tìnnì kékeré mọ́ ńlá, kí kékeré máa tẹ orí irin, kí ńlá máa kọ́ ọ nínú. Bàbá wò ó títí. Wọ́n ní gbogbo ọdún tí àwọn fi wà lẹ́nu iṣẹ́, àwọn ò mọ̀ pé tẹ́lọ̀ ló ń bá òyìnbó ṣe é.

Ẹ̀rọ ìránṣọ Màmá, èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí, la gbé sí ìparí ilẹ̀kùn, níbi tí Àpòmù wà. A so òwú dúdú mọ́ iwájú ọkọ̀, òwú gba àárín irin méjèèjì, ó lọ wé mọ́ kẹ̀kẹ́ ẹ̀rọ. Bí mo bá ti ń yí i, ọkọ̀ á máa bọ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo yí i, ọkọ̀ kúrò ní Ìkirè wọ̀ọ̀, ó dé ibi tí ojú irin ti yà, ó sì balẹ̀ gbàgà lórí símẹ́ǹtì. A ti jẹ́ kí irin yà lójijì, bí ọmọ iléèwé tó ṣàdédé rí olùkọ́ rẹ̀ lọ́jà. Ìgbà náà ni mo gbọ́ ẹ̀rín. Màmá ló ń rẹ́rìn-ín, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí ara wọn ti rọ, ẹ̀rín tó gba ẹ̀gbẹ́ kan jáde. Bàbá ò tiẹ̀ bínú ọkọ̀ mọ́. Wọ́n tú gbogbo irin yẹn, wọ́n ń kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń tún un tẹ́.

"Ojú irin kì í ṣẹ́ kọ́nà," wọ́n ní. "Díẹ̀díẹ̀ ló máa ń gbàgbé ibi tó kọjú sí tẹ́lẹ̀."

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ òkè dé. Bàbá ní dandan, ọkọ̀ gbọ́dọ̀ gba inú ihò òkè kọjá. Màmá bi wọ́n pé òkè wo ló wà láàárín Ìkirè àti Àpòmù, ọ̀nà tí àwọn ti fẹsẹ̀ rìn láìmọye ìgbà. Bàbá ní èyí tí àwọn ń kọ́ lọ́wọ́ ni. Bébà àtijọ́ la fi ṣe é, a sì fi sítáàṣì ẹ̀gẹ́ lẹ̀ ẹ́. Iṣẹ́ mi ni láti se sítáàṣì náà, Bàbá sì kìlọ̀ pé kí n po ata gígún mọ́ ọn dáadáa, torí ewúrẹ́ àdúgbò wa ò mọ òkè yàtọ̀ sí oúnjẹ.

Ata ò wọ́n mi. Dòdò Ìkirè ni ìyá mi ń dín tà, èmi ni mo sì ń gún ata tí wọ́n ń pò mọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn sítáàṣì. Bó bá jinná tó ń dán, tí mo bá fi ṣúgà díẹ̀ sí i, ẹ ò ní mọ̀ pé nǹkan ìlẹ̀wé ni. Mò ń lẹ̀ ẹ́, mò ń lá a. Ta ni ó wá fi ata sí ohun tó ń lá? Bàbá bi mí, mo ní mo ti fi sí i.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni àwọn àbúrò Màmá ránṣẹ́ láti Àpòmù pé àwọn ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé láti wá gbé ẹ̀gbọ́n àwọn lọ tọ́jú, torí Bàbá nìkan ò lè máa gbé wọn dìde mọ́. Bàbá ò jiyàn. Wọ́n kàn sọ fún mi pé kí Sátidé tó dé, ọkọ̀ gbọ́dọ̀ dé Àpòmù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, níṣojú Màmá. Ní ọjọ́ Jímọ̀, ohun gbogbo ti parí. Bàbá ní bí àwọn bá ti kírun dé, a ó gbéra. Wọ́n ní kí n jókòó ti ẹnu ọ̀nà.

Mo jókòó. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ òórùn dòdò láti ilé wa, mo sì rántí pé èérún ìsàlẹ̀ agbada, èmi ni mo ni ín.

Ìgbà tí mo padà, ewúrẹ́ ti gbé ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì lé ilẹ̀kùn, òkè wà lẹ́nu ẹ̀, ó ti tẹ irin tó kù títí dé Àpòmù wọ́. Bọ́tìnnì fọ́n ká gbogbo ilẹ̀. Màmá ti fi ọwọ́ òsì ju agolo bọ́tìnnì mọ́ ọn, ìyẹn ni ibi tí agbára wọn mọ. Wọ́n ti ń pariwo tipẹ́, ohùn wọn kàn ò dé ìta ni.

Bàbá dé, wọ́n dúró. Wọ́n ní, "Gáàdì, ṣé o fi ata sí i?"

"Mo fi sí i, Bàbá."

Wọ́n wo ewúrẹ́ náà bó ṣe ń lọ. "Ewúrẹ́ tó ń jẹ ata. Ó di Ìkirè kéèyàn tó rí i."

Mo wo Màmá. Iwájú wọn ni mo ti ń lá sítáàṣì láti ọjọ́ Ajé. Wọ́n yíjú sí kàlẹ́ńdà ara ògiri.

A ṣiṣẹ́ di ìrọ̀lẹ́, a tún bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ Sátidé. Òkè ti dúró padà, ọkọ̀ ti kúrò ní Ìkirè, ó ti wọ inú ihò, a sì ń na irin tó wà níwájú rẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí a gbọ́ fèrè mọ́tò níta. Àwọn àbúrò Màmá wọlé, wọ́n kí Bàbá, wọ́n gbé ẹ̀gbọ́n wọn tẹní tẹní. Lẹ́nu ọ̀nà, Màmá ní kí wọ́n dúró díẹ̀. Wọ́n yíjú sí ọkọ wọn.

"Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀. Kó má dé Àpòmù kí n tó padà wá wò ó."

"Kò ní kúrò níbẹ̀," Bàbá dáhùn.

Kò sì kúrò. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni Bàbá ń lọ wò wọ́n ní Àpòmù, bí wọ́n bá sì dé, wọ́n á tún irin díẹ̀ ṣe. Wọ́n parí ọ̀nà náà pátá. Wọ́n kọ orúkọ Àpòmù sára pákó pẹlẹbẹ kan, wọ́n rì í mọ́lẹ̀ níbi tí ọkọ̀ máa dúró sí. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ wà nínú ihò, eruku ń bò ó, aláǹtakùn ń ta okùn sí ẹnu ihò náà. Ìgbà tí òjò àkọ́rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, ìròyìn dé ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan. Àpòmù ni wọ́n sin Màmá sí kí oòrùn tó wọ̀. Bàbá padà dé, wọn ò wọ pálọ̀ náà.

Ìtàn ni mo ń kọ jẹun báyìí, ìyẹn ni pé irọ́ ni iṣẹ́ mi, mo sì mọ̀ ọ́n pa. Mo fi ìyá mi parọ́, mo fi ọkọ mi parọ́, mo fi ara mi ṣe yẹ̀yẹ́. Irọ́ kan ṣoṣo ni mi ò lè fi ṣàwàdà. Mo ti wọ ọkọ̀ ojú irin gidi, ti Ìbàdàn sí Èkó. Wọ́n fún mi ní ìjókòó ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Mo dìde, mo lọ jókòó síbòmíràn, mo fi àyè náà sílẹ̀ títí a fi dé.

Ó ku ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi láàárọ̀ ọjọ́ kejì ìsìnkú. Bàbá ránṣẹ́ pè mí. Wọ́n dé fìlà rélùwéè wọn. Abọ́ sítáàṣì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó pọ́n fòò. Wọ́n na àsíá sí mi, wọ́n nawọ́ sí ẹ̀rọ ìránṣọ. Mo ju àsíá, mo sì yí i. Òwú fà, okùn aláǹtakùn já, ọkọ̀ yọ jáde pẹ̀lú eruku lórí. Ó dé ibi tí ọ̀nà ti yà, ó ń gbàgbé díẹ̀díẹ̀, bọ́tìnnì ń dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, ó sì dúró níwájú pákó náà.

"Ó dé," Bàbá ní.

"Bàbá, mi ò fi ata sí i."

"Mo mọ̀. Màmá sọ fún mi ní Àpòmù. Ó ní kí n má bá ọ wí, pé gbogbo ọmọ ló ń lá sítáàṣì."

Wọ́n ti ìka bọ inú abọ́ náà, wọ́n lá a, wọ́n tì í sọ́dọ̀ mi. Èmi náà lá a. A jókòó báyẹn, omi ń dà lójú àwa méjèèjì.

"Ata yìí mú," wọ́n ní.

"Ó mú, Bàbá."

Ata ìyá mi ni. Èmi ni mo gún un, mo sì mọ bó ṣe ń ta. Kò mú tó bẹ́ẹ̀.