Ọjọ́ tí Wáyà Eyín Há mọ́ Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Sàláwà

Òjò ti ń rọ̀ láti ìdájí ní àdúgbò wa, Treichville, lọ́jọ́ tí wáyà eyín há mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ ọmọ mi, Sàláwà. N kò lè gbàgbé ọjọ́ náà. Omi kún àgbàlá wa, a ò ríbi jáde.

Dókítà ti fi wáyà de eyín rẹ̀ kó lè tò dáadáa, wáyà náà sì ti dá egbò sí i lẹ́nu. Dókítà ní kò gbọdọ̀ rin orín. Ṣùgbọ́n nílé wa, ẹni tí kò tíì rin orín kì í kí àgbà. Sàláwà fẹ́ kí mi, ló bá rin ín. Orí wáyà yẹ̀, ó wọ inú egbò, ó há síbẹ̀. Kò lè la ẹnu, kò lè pa á dé.

"Màámi, ẹ fà á," ni ìyá rẹ̀ ń wí.

"Bí mo bá fà á, ẹran á ya. Sàláwà, ojú mi ni kí o máa wò."

Mo fi omi iyọ̀ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ fọ ojú egbò náà, mo rọra ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà sẹ́yìn títí orí wáyà fi bọ́.

Sàláwà tutọ́ ẹ̀jẹ̀, ó kúnlẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, Màámi àgbà."

Lọ́jọ́ kejì, mo mú un lọ bá dókítà. Ó gé orí wáyà, ó fi ìda rírọ̀ bò ó kó má baà gún un mọ́. Mo ní kó yọ ìda náà, kí èmi fọwọ́ ara mi bò ó lójú rẹ̀, kí n lè mọ̀ ọ́n ṣe nílé.