Háàfù Kọ́rẹ́ǹtì

Ní ilé wa ní Festac, bí gílóòbù bá pọ́n bí ẹyìn dípò kó mọ́lẹ̀, tí fáànù ń yí bí ẹni tó ń tòògbé, háàfù kọ́rẹ́ǹtì là ń pè é. Gbogbo wa gbà pé irú iná bẹ́ẹ̀ kò lè pa èèyàn. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún wa? Kò sẹ́ni tó sọ ọ́. Bàbá mi kàwé, wọ́n ṣiṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, àwọn náà sì gbà bẹ́ẹ̀.

Láàárọ̀ Sátidé kan, ẹ̀rọ tó ń fa omi sínú táǹkì wa kàn ń kùn, kò fa omi. Bàbá mi sọ̀ kalẹ̀ lọ sẹ́yìn ilé láìwọ bàtà, ilẹ̀ sì tutù. Wọ́n rí i pé wáyà ẹ̀rọ náà ti bó. Wọ́n ké sí mi láti ìsàlẹ̀, èmi wà lójú fèrèsé òkè.

"Ṣé iná wà?"

Mi ò tíì wẹ̀, mo fẹ́ lọ sí Trade Fair, inú ti ń bí mi. Mo kàn gbójú sókè wo gílóòbù.

"Háàfù kọ́rẹ́ǹtì ni, Dádì."

"Ìyẹn ò ṣe nǹkan kan," ni Dádì wí.

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ohùn ìyá mi ni mo tún gbọ́, wọ́n ń pe bàbá mi, bàbá mi ò dáhùn. Mo sáré sọ̀ kalẹ̀. Ọwọ́ bàbá mi ti lẹ̀ mọ́ wáyà, ara wọn ń gbọ̀n, ojú wọn là sílẹ̀, wọ́n ń wò mí. Ìyá mi nawọ́ láti fà wọ́n. Mo tì wọ́n ṣubú sínú ẹrẹ̀. Ọlọ́run mi, mo ti ìyá mi ṣubú! Mo sáré padà sókè lọ pa iná gbogbo ilé.

Nígbà tí mo fi padà dé, bàbá mi ti wà nílẹ̀. Mo ń tẹ àyà wọn, mo ń sunkún, mo ń bẹ̀ wọ́n: "Dádì, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ mí." Aládùúgbò kan fi mọ́tò rẹ̀ gbé wa lọ sọ́sibítù. Ojú ibi tí iná ti jó wọn lọ́wọ́ kò ju hóró àgbàdo kan lọ. Dókítà ní wọ́n ti kú.

Lẹ́yìn ìsìnkú ni ẹnì kan ṣàlàyé fún mi pé iná tí kò lè yí fáànù dáadáa ṣì lè dá ọkàn èèyàn dúró. Kí ni mo fẹ́ fi ṣe?

Ìyá mi bi mí lọ́jọ́ kan: "Ṣé o sọ fún wọn pé iná wà?"

"Mo sọ fún wọn, Mọ́mì." Mi ò fi kún un pé háàfù kọ́rẹ́ǹtì ni mo pè é.

Wọ́n gbá mi mọ́ra. Wọ́n ní kí n má dá ara mi lẹ́bi, pé àgídí Dádì ló pa wọ́n.

Mo jẹ́ kí wọ́n gbà bẹ́ẹ̀.