Iná Tó Rìn Lórí Ògiri

Ẹni tó bá ń kó ẹran jọ, aráyé á ní darandaran ni. Ẹni tó bá ń kó aṣọ jọ, wọ́n á ní afínjú ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń kó mítà jọ, kò sẹ́ni tó mọ ohun tí à bá máa pè é. Mítà àtijọ́ ni mò ń wí o, irú èyí tí àwọn oníná àti àwọn tó ń tún rédíò ṣe fi ń wọn iná inú wáyà láyé ìgbà tí ẹ̀rọ ṣì wúwo bí odó: àpótí dúdú, dígí lójú, abẹ́rẹ́ tín-ín-rín lẹ́yìn dígí. Abẹ́rẹ́ náà á sùn títí iná á fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, á wá dìde wẹ́rẹ́ bí ọmọ tí a pè lórúkọ.

Òṣìṣẹ́ tẹlifóònù tó ti fẹ̀yìn tì ni ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Inú ihò lẹ́bàá títì ló ti lo ìgbà èwe rẹ̀, tó ń so wáyà mọ́ wáyà. Bó bá ní òun ti so wáyà tó lè yí ayé po lẹ́ẹ̀mejì, ẹ má bá a jiyàn. Lójú tèmi, ẹ̀ẹ̀mẹta ni. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń sun oorun ọ̀sán, òun ń kó mítà. Èyí tí ayé bá sọ nù ló ń gbé wálé. Á tú u, á fi búrọ́ọ̀ṣì gbá eruku inú rẹ̀, á dá èémí dúró, á sì na abẹ́rẹ́ tó bá ti wọ́ títí á fi gún. Lọ́jọ́ tí abẹ́rẹ́ tó ti kú láti ọjọ́ pípẹ́ bá tún gbérí, omi á lé ròrò lójú rẹ̀, á ní eruku ló kó sóun lójú. Yàrá ẹ̀yìn ilé rẹ̀ kún fún mítà láti ilẹ̀ dé àjà, débi pé aláǹgbá tó bá wọ ibẹ̀ ní láti tọrọ ọ̀nà.

Kò nìkan ya wèrè yìí. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wà, ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ orí, tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ tún rédíò ṣe, tí ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ fárí lọ. Onírédíò là ń pè é. Ẹnì kejì jẹ́ dókítà eyín, ọmọdé lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn méjèèjì, tí ọwọ́ rẹ̀ dúró ṣinṣin débi pé ó lè dé fìlà fún èèrà láìjẹ́ kí èèrà mọ̀. Gbogbo ọ̀sán Sátidé ni wọ́n ń pàdé ní yàrá ẹ̀yìn yẹn, oníkálukú á gbé mítà rẹ̀ tó ń ṣàìsàn dání.

Iná-ń-Rìn ni wọ́n ń pe òṣìṣẹ́ tẹlifóònù yìí, orúkọ yẹn kì í sì í ṣe oríkì. Nígbà tó wà nílé ìwé, olùkọ́ kan ti fèrèsé yàrá pa lọ́jọ́ kan, ó gbé àpótí kan sórí tábìlì, ó sì tan iná sí i. Ìmọ́lẹ̀ kékeré kan bọ́ sára ògiri. Olùkọ́ wá lọ́ ẹnu wáyà méjì tó jáde lára àpótí náà pọ̀, ó nà án sí ọmọ yìí pé kó dì í mú. Kò sí bátìrì níbẹ̀, kò sí iná mànàmáná lára wáyà. Bí ọmọ náà ṣe fi ìka méjì di ẹnu wáyà náà mú, ìmọ́lẹ̀ ara ògiri dìde, ó rìn. Nígbà tó fi í sílẹ̀, ó padà síbi tó ti wá.

Gbogbo ẹni tó létí ló sọ ọ́ fún. Àléébù rẹ̀ ni pé ọdọọdún ni ìmọ́lẹ̀ náà ń rìn jìnnà sí i. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó ti kan àjà. Nígbà tí eyín rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, ìmọ́lẹ̀ náà ti gba ojú fèrèsé jáde lọ kí ọ̀gá ilé ìwé ní ọ́fíìsì. Ta ló fẹ́ gba irú ìyẹn gbọ́?

Ìyàwó rẹ̀ gan-an ni kò gbà á gbọ́ jù. Aránṣọ ni ìyá náà, yàrá iwájú ni máṣíìnì rẹ̀ wà. Ìtàn iná yìí ni ọkùnrin náà fi dẹnu ìfẹ́ kọ ọ́ nígbà tí wọ́n wà lọ́dọ̀ọ́. Ìyá náà máa ń sọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ pé torí kóun lè mọ irọ́ tó kù nínú àpò rẹ̀ lòun ṣe fẹ́ ẹ. Láti ìgbà náà, ohunkóhun tí ọkọ rẹ̀ bá sọ, ì báà ṣe pé òun ti ti omi ẹ̀rọ pa, ì báà ṣe pé dókítà ní ara òun dá, ìyá á rọra bi í pé, “Ṣé òótọ́ ni, àbí òótọ́ bí iná tó rìn?” Àwọn ọmọ wọn mú un lò, àwọn ọmọ ọmọ náà mú un lò.

Ìyá náà ò bá a jà rí lórí rẹ̀, ẹ̀rín músẹ́ lásán ló máa ń rín. Ẹ̀rín yẹn ló ń dun ọkùnrin náà dé egungun. Àgbàlagbà tó ti hewú lórí, kí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ máa jò nínú ilé ara rẹ̀ bí garawa tó lu! Bó bá kú lọ́la, bí opó rẹ̀ á ṣe máa sọ ọ́ nìyẹn: ọkọ mi, ẹni dáadáa, òpùrọ́ ni.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó lọ sídìí òkìtì irin àlòkù tó wà lẹ́yìn ọgbà àwọn mẹkáníìkì. Ó ń wá síkúrù kan tó já lára mítà rẹ̀. Lábẹ́ egungun fáànù kan ló ti rí àpótí onígi kan tó ní dígí níwájú. Ó fi apá ẹ̀wù nù ún, ó sì yọjú wo inú rẹ̀. Wáyà kọ́pà wé yípo nínú rẹ̀ bí ejò tó ká jọ. Ní àárín ibi tó yẹ kí nǹkan kan rọ̀ sí, òfìfo ló wà, ṣùgbọ́n nísàlẹ̀ àpótí, dígí kékeré kan tó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà sùn nílẹ̀ tí kò ju èékánná ọmọ ọwọ́ lọ, tí wọ́n lẹ ègé òòfà tó ń fa irin mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Okùn tó gbé dígí náà rọ̀ ló ti já.

“Òun ni,” ló ń wí.

Onírin tó ni òkìtì náà bi í pé ta ni. “Irú àpótí tí olùkọ́ mi ní ni,” ló wí, ó sanwó, ó gbé e lọ sílé.

Okùn wá di ìṣòro. Òwú le jù. Irun orí ń lọ́ pọ̀. Okùn ìpẹja, okùn ọkọ̀ ojú omi nìyẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tó ń wá. Fọ́nrán sílíìkì kan ṣoṣo ló lè ṣe é, bí kòkòrò ṣe tu ú jáde lẹ́nu, tí dígí náà á lè yí lórí rẹ̀ láìsí ìdíwọ́. Ta ló sì ní sílíìkì nílé bí kò ṣe ìyàwó rẹ̀? Ó lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá iwájú bí ọmọ tó fọ́ àwo. Ìyá náà wò ó láti òkè awò ojú rẹ̀. Ó bi í pé kí ló fẹ́ fi okùn ṣe, ọkùnrin náà sì sọ ọ́.

“Ẹ̀n-ẹ́n,” ìyá náà wí, “èmi náà ni mo máa bá yín rán irọ́ yẹn tó ya?”

Ṣùgbọ́n aránṣọ ni. Láti ọjọ́ tó ti ń ránṣọ, kò sẹ́ni tó tọrọ okùn tó tín-ín-rín tó bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ rí, ọ̀rọ̀ náà sì wọ̀ ọ́ lára. Ó yọ àjákù sílíìkì kan nísàlẹ̀ agbọ̀n, ó fi omi tútù sí i, ó fa fọ́nrán kan yọ. Ó fi ẹnu abẹ́rẹ́ la fọ́nrán náà, ó tún un là, ó tún èyí tó kù là, títí ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ fi di ohun tí ojú ò rí àfi bó bá gba iwájú iná kọjá. Mo lè búra pé aláǹtakùn tó wà ní igun yàrá yẹn dá iṣẹ́ tirẹ̀ dúró, ó ń wò ó. Dókítà eyín wá pẹ̀lú ẹ̀mú wẹ́wẹ́ rẹ̀ àti gọ́ọ̀mù, ó sì gbé dígí náà rọ̀ láìmí.

Ọ̀sán Sátidé tó tẹ̀ lé e, wọ́n ti fèrèsé yàrá ẹ̀yìn pa, wọ́n tan iná sí àpótí náà. Òṣìṣẹ́ tẹlifóònù yí àpótí sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, títí ìmọ́lẹ̀ rògódó kan, bí bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì, fi dúró lára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ kàlẹ́ńdà. Ó so wáyà kọ́pà àti wáyà irin mọ́ àpótí, ó lọ́ ẹnu wọn pọ̀, ó fà á jìnnà. Onírédíò ti sọ pé láìsí ìyàwó níbẹ̀, ẹjọ́ ò tíì bẹ̀rẹ̀, nítorí náà wọ́n pe ìyá náà wá. Ó jókòó, ó kọjú sí ògiri.

“Mú ẹnu wáyà yìí,” ni ọkọ rẹ̀ wí.

Ó mú un. Ìmọ́lẹ̀ náà dúró gbagidi bí ṣọ́jà.

Ọkọ ní kó tẹ̀ ẹ́ dáadáa, ó tẹ̀ ẹ́. Ọkọ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó ki ọwọ́ bọ abíyá kó lè gbóná, ó wá dì í mú. Ìmọ́lẹ̀ ò mira.

“Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan lòótọ́ á bá a,” ni Onírédíò wí. “Tìẹ yìí, àfi bí òótọ́ bá wọ ọkọ̀ òfúrufú lé e.”

Nígbà tó rí bí ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe rí, Onírédíò pa ẹnu mọ́, ó ń wo bàtà ara rẹ̀. Ẹ mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́ nígbà tí irú ẹnu yẹn bá pa mọ́.

Ìyàwó gbé ọwọ́ lé èjìká ọkọ rẹ̀. “Bàbá wa, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀. Mo ti fẹ́ yín tán, ẹ ò nílò ẹ̀rí mọ́.”

Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni ìyá náà pè é. Ọkùnrin náà gbọ́ ọ bí ìdájọ́. Ó ti dárí irọ́ jì í, bẹ́ẹ̀ irọ́ kọ́ ni. Ó jókòó, ó da ojú délẹ̀.

Dókítà eyín ò mọ ohun tó kàn láti ṣe. Kó lè yí ọ̀rọ̀ padà, ó dìde, ó gbé mítà ńlá kan tí Onírédíò tún ṣe láìpẹ́ kúrò lórí pẹpẹ, ó ń bi í nípa ìrìn abẹ́rẹ́ rẹ̀.

“Ó ti rìn,” ni ìyá náà wí.

Kò sẹ́ni tó yíjú. Ọkọ rẹ̀ sọ láìgbójú sókè pé, “Ìwọ náà fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.”

“Mo ní iná yín ti rìn. Kò sí níbi tó wà tẹ́lẹ̀ mọ́.”

Wọ́n wò ó. Lóòótọ́, ìmọ́lẹ̀ ti fi ẹ̀gbẹ́ kàlẹ́ńdà sílẹ̀. Onírédíò ní dókítà ló fara gbá tábìlì. Dókítà ní òun ò sún mọ́ tábìlì, ó sì gbé mítà náà padà sórí pẹpẹ. Ìmọ́lẹ̀ padà sí ẹ̀gbẹ́ kàlẹ́ńdà. Ó tún gbé e, ìmọ́lẹ̀ tún sá.

Òṣìṣẹ́ tẹlifóònù dìde díẹ̀díẹ̀. Ó wo ìmọ́lẹ̀, ó wo pẹpẹ. Kò sí mítà kan níbẹ̀ tí kò ní òòfà ńlá nínú ikùn, òun ló ń jẹ́ kí abẹ́rẹ́ rẹ̀ yí. Gbogbo wọn, láti ilẹ̀ dé àjà, ló ń fa òòfà kékeré tó wà lẹ́yìn dígí yẹn. Bí ọmọ tí gbogbo àǹtí rẹ̀ ń pè lẹ́ẹ̀kan náà, kò lè gbẹ́sẹ̀ rárá. Àwọn ohun tó fẹ́ràn jù ló di ohun tó ń wá lọ́wọ́ mú.

“Ẹ kó wọn jáde,” ló wí.

“Èwo nínú wọn?” Onírédíò béèrè.

“Gbogbo wọn.”

Wọ́n kó wọn. Onírédíò ń kígbe pé ìbàdí ń dun òun, dókítà ń gbé méjì méjì, ìyá tó ti ń bẹ̀bẹ̀ tipẹ́ pé kí wọ́n fún yàrá yìí láyè ń gbé tirẹ̀ mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ tó sùn. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kún fún mítà, gbogbo wọn kọjú sí títì bí èrò tó ń wo ìjà. Bí wọ́n ṣe ń kó wọn jáde, ìmọ́lẹ̀ ara ògiri ń rọ̀, ó ń mì jẹ̀jẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ jí. Kọ́kọ́rọ́ àpò jáde, bẹ́líìtì Onírédíò jáde, sísọ́ọ̀sì ìyá náà jáde. Ọkùnrin náà tún àpótí yí títí ìmọ́lẹ̀ fi bọ́ sí àárín ògiri. Ó dúró síbẹ̀, ó ń gbọ̀n. Bí èèyàn bá tẹ ilẹ̀ lágbára, ó ń mọ̀.

Ìyá náà mú ẹnu wáyà.

Ìmọ́lẹ̀ kọ́kọ́ ṣe bí ẹni tó ń ronú. Lẹ́yìn náà ó ṣí. Ó ń lọ jẹ́jẹ́, láìkánjú, bí àgbàlagbà tó ń sọdá títì. Ó kọjá ìṣó tí kàlẹ́ńdà rọ̀ sí. Ó kọjá ibi tí ọ̀dà ti ṣí. Ó dé igi fèrèsé, ó gùn ún, ó sì ń lọ. Kò sí ìró kankan. Ìyá náà gbàgbé láti mí. Nígbà tó jọ̀wọ́ wáyà náà, ìmọ́lẹ̀ yí padà, ó ń bọ̀ wálé bí ohun tó mọ ọ̀nà.

Onírédíò ṣí fìlà. Dókítà eyín, tó ti rí inú ẹnu àìmọye ènìyàn, la ẹnu tirẹ̀ sílẹ̀. Ẹ rò ó wò: ìwọ̀nba ooru tó wà ní orí ìka obìnrin kan, tí kò lè yọ́ òrí tín-ń-tín, ló di iná kékeré níbi tí kọ́pà àti irin ti pàdé, tó yí òòfà náà, tó sì ti ìmọ́lẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan ògiri dé ẹ̀gbẹ́ kejì. Gbogbo ọjọ́ ayé wa la fi ń gbé ooru yìí kiri, tí a sì rò pé kò lágbára kankan. Bí ìyá náà bá fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí wáyà, ìmọ́lẹ̀ á lọ. Bó bá fọwọ́ tó tutù mú un, ìrìn á kúrú. Ó ṣe é títí tí ọ̀sán fi rọ̀. Ọkọ rẹ̀ ò wo ògiri mọ́, ojú ìyàwó rẹ̀ ló ń wò.

Oníbàárà kan ń kanlẹ̀kùn níwájú, aṣọ rẹ̀ ló wá gbà. Ìyá náà ò dìde, ó ké sí i pé kó máa bọ̀ lẹ́yìn. Obìnrin náà wọlé, ó bá àwọn àgbàlagbà nínú yàrá tó ṣófo, tí wọ́n ń wo ògiri bí ẹni tó wà nínú ilé àdúrà. Ó rí ìmọ́lẹ̀ tó ń rìn. Ó wo òkè, ó wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

“Màmá, ta ló ń tì í?”

“Ọwọ́ mi ni,” ni ìyá náà wí. “Ọkọ mi ti sọ ọ́ fún mi kó tó fẹ́ mi.”

Obìnrin náà rín ẹ̀rín músẹ́. Ìyá náà ò rín in. Ó fà á lọ́wọ́, ó fi ẹnu wáyà sí àárín ìka rẹ̀, ó ní kó má sọ̀rọ̀, kó kàn máa wo ògiri.

Òṣìṣẹ́ tẹlifóònù jáde lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó jókòó láàárín àwọn mítà rẹ̀. Ó ní eruku ti kó sóun lójú. Nígbà tí Onírédíò wá bi í pé ìgbà wo ni kí àwọn bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn wọlé, ó ní kó fi wọ́n sílẹ̀ síbẹ̀, afẹ́fẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ dára fún wọn.